Báwo ni cholesterol ṣe ń la omi inú ìfun kọjá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní omi ò lè yọ́ cholesterol, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó wà nínú ara àti oúnjẹ wa, báwo wá ni ti inú ẹyin tí mo jẹ láàárọ̀ ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀? Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi gan-an. Ṣé ẹ mọ abọ́ tí epo ti gan mọ́, omi lásán ò lè ṣí i, àfi ọṣẹ. Òróòro ni ọṣẹ inú wa. Iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀ (kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o) ní ẹ̀gbẹ́ kan tó fẹ́ràn omi, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rá ló ń fà mọ́ra, tí wọ́n bá wá pọ̀ tó wọ́n á kóra jọ di nǹkan bíńtín tí wọ́n ń pè ní micelle, cholesterol á wọ àárín ẹ̀, wọ́n á jọ la omi kọjá dé ara ògiri ìfun kékeré. Micelle fúnra ẹ̀ kì í wọlé o! Ẹnu ọ̀nà ló ń já ẹrù sí, purotéènì kan tó ń jẹ́ NPC1L1 ló ń gbà á wọlé, òun náà ni ezetimibe, oògùn tí wọ́n fi ń dín cholesterol kù, máa ń dí lọ́wọ́. Iyọ̀ yẹn ńkọ́? Bíi 95 nínú 100 ẹ̀ ló ń padà sínú ẹ̀dọ̀ láti tún ṣiṣẹ́.