Èèrà kò wá síbi ìtọ̀ ìyá mi mọ́: ṣé àtọ̀gbẹ ti lọ ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi, ẹni ọdún 67, ti ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ láti ọdún mẹ́rin. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ewúro pẹ̀lú àgbo kan tí wọ́n rà nínú ọkọ̀. Láti ìgbà náà, èèrà kì í ṣù bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí mọ́. Oògùn sì ti wọ́n gógó. Ṣé kí wọ́n dá a dúró, kí a máa fi èèrà ṣọ́ ọ? Ṣé wọ́n lè jẹ ẹ̀bà?

Ìdáhùn: Ẹ má dá oògùn náà dúró. Ẹ̀bà, wọ́n lè jẹ ẹ́, kó má ju ìkúùkù ọwọ́ wọn lọ, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ jù ú lọ nínú abọ́. Ọ̀rọ̀ èèrà ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí ìgbà gbogbo ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ń mú kí àwọn aláìsàn jókòó sílé nígbà tó yẹ kí wọ́n wà nílé ìwòsàn.

Òótọ́ ni pé èèrà ń wá ṣúgà. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ ti ṣàkíyèsí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí ṣúgà ṣe ń dé inú ìtọ̀. Kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ṣúgà á bá omi kọjá, kíndìnrín á sì tún gbé e padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí alárù ló rí, ẹrù tó bá ká agbára rẹ̀ ni yóò gbé. Ìgbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 180 lórí ìwọ̀n mg/dL tí a fi ń ka ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ni ẹrù ju agbára alárù lọ, tí èyí tó ṣẹ́ kù á wá bá ìtọ̀ jáde. Kó tó dé ibẹ̀, èèrà kò ní rí nǹkan kan jẹ. Bẹ́ẹ̀, ibi tí a fẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn wà láàárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, ni 80 sí 130. Ẹni tí tirẹ̀ ń jẹ́ 160 lójoojúmọ́, èèrà kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lára àgbàlagbà, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣúgà lè dé 200 kó sì kọjá, kí ìtọ̀ má fi nǹkan kan hàn. Irú ìyá yín gan-an ni èèrà ń tàn jẹ jù.

Ẹ wo èèrà fúnra rẹ̀ náà. Òjò lè ti lé wọn lọ, Izal tí a dà sílé ìwẹ̀ lè ti pa wọ́n. Bí ìyá bá mu omi púpọ̀, ìtọ̀ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi lásán. Oògùn àtọ̀gbẹ kan wà, dapagliflozin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti da ṣúgà sínú ìtọ̀: ara ń yá, èèrà ń pọ̀ sí i! Àwọn aboyún kan náà ń tọ ṣúgà láì ní àtọ̀gbẹ.

Àwọn tó ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ ń sọ pé kíkorò ní í lé dídùn. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ahọ́n ló mọ ìkorò, ẹ̀jẹ̀ kò ní ahọ́n. Ẹ̀bà kò dùn lẹ́nu, ṣúgà ló sì ń dà nínú ìfun. N kò bá ewé jà. Ìwádìí lórí ewéko Yúróòpù kan, Galega officinalis, ló bí metformin, tí dókítà Jean Sterne ní ilẹ̀ Faransé sì tẹ àbájáde ìtọ́jú tó fi ṣe jáde ní 1957. Ṣùgbọ́n a mọ ìwọ̀n tirẹ̀, a sì mọ ẹni tí kò yẹ kó lò ó. Ta ló wọn ohun tó wà nínú ìgò inú ọkọ̀ yẹn? Tó bá jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, kí ìyá yé mu ún lónìí: ọtí púpọ̀ pẹ̀lú metformin lè mú kí ásíìdì gun inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá bí kíndìnrín bá ti rẹ̀.

Ní ti owó, mo gbọ́ yín. Metformin wà lára àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tó dínwó jù. Ẹ béèrè èyí tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí, tó ní nọ́ḿbà NAFDAC. Ẹ má gé e sí méjì kó lè tọ́jọ́, àgàgà èyí tí wọ́n kọ XR sí lára, tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀, nítorí ńṣe ni gbogbo oògùn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n máa lò ó mọ́ oúnjẹ, kí ìgbẹ́ gbuuru má baà yọ wọ́n lẹ́nu.

Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà kọ́ ló ń gbówó, sítíríìpù rẹ̀, pẹlẹbẹ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ni. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ béèrè iye sítíríìpù àti bóyá ó wọ́pọ̀ ládùúgbò, torí ti ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn mu. Bó bá jẹ́ metformin nìkan ni ìyá ń lò, méjì lọ́sẹ̀ tó: ọ̀kan láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ọ̀kan ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ tó pọ̀ jù. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ó gbẹ dáadáa. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn á gbé iye náà sókè lásán. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún. Ẹ dé ìgò sítíríìpù kíá, ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ 7.0, ẹ má yọ̀: ìwọ̀n mìíràn, mmol/L, ló ń lò. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18, 126 mg/dL ni.

Bí ẹ bá máa ṣe HbA1c, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ti rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, ẹ kọ́kọ́ sọ jẹ́nótáìpù ìyá. Lára SS tàbí SC, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú, àbájáde lè kéré ju òtítọ́ lọ. AS náà máa ń da àwọn ẹ̀rọ kan rú.

Yíyẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò ní alaalẹ́ kò gba kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Bí ìyá bá ń bì, tí wọ́n ń mí gúlegúle tàbí tí oorun ń gbé wọn lódìlódì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

N kò rí ìyá yín, ohun tí mo kọ kò lè rọ́pò dókítà tó ń tọ́jú wọn. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kó gbogbo oògùn wọn sínú àpò kan, títí kan ìgò àgbo yẹn, kí ẹ gbé e lọ bá a. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò, kí wọ́n sì fi iná wo ẹ̀yìn ojú, torí láti oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ń ṣọ́ èèrà, kò sẹ́ni tó mọ iye tí ṣúgà wọn jẹ́.