Ẹ má da àgúnmu sẹ́kọ ìyá ọlọ́mọ

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ wa pé oṣù mẹ́jọ. Látìgbà tí ìyàwó mi ti bímọ, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí mi lórí ibùsùn. Ìyá mi ní bí Ọlọ́run ṣe dá obìnrin nìyẹn, ara wọn kì í wá ọkùnrin. Ẹnì kan ta àgúnmu fún mi lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, ó ní kí n dà á sínú ẹ̀kọ rẹ̀ kó má mọ̀. Ṣé kò léwu? (Bàbá ìkókó, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ó léwu. Ẹ lọ dà á nù kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n gún sínú rẹ̀, ọmú obìnrin náà sì ni ọmọ yín ń mu. Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, ó sì ń bí mi nínú.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni mo fẹ́ dúró lé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2022, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Frankenbach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 211 jọ, èèyàn inú rẹ̀ lé ní 600,000. Lápapọ̀, ọkùnrin ń sọ pé ìfẹ́ ìbálòpọ̀ ń gun àwọn ju bí obìnrin ṣe ń sọ lọ. Síbẹ̀, nínú obìnrin mẹ́rin, a ó rí bí ẹnì kan tí tirẹ̀ ju ti ọkùnrin tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé “ń sọ” ni mo wí. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti ń pè ní oníṣekúṣe látìgbà tó ti ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin, ṣé òótọ́ ni yóò sọ?

Tó bá jẹ́ pé Ọlọ́run kò fi ìfẹ́ sára obìnrin, kí ló dé tí àwọn àgbà wa ń dábẹ́ fọ́mọbìnrin kí ara rẹ̀ má baà gbóná? Kí ni wọ́n ń gé? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ka èyí léèwọ̀ láti 2015, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ìyá tí mo ń gbẹ̀bí fún.

Ní ti ìyàwó yín, bó ṣe ń fọ́mọ lọ́mú, prolactin, họ́mọ̀nù tó ń pèsè omi ọmú, á pọ̀ lára rẹ̀, estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin tó ń jẹ́ kí ojú ara rọ̀, á wálẹ̀, ojú ara á gbẹ, ìbálòpọ̀ á sì lè máa dùn ún. Ẹ fi àìsùn kún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì wa, ọmú rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmọ. Ẹ bi ìyàwó yín pẹ̀lú bóyá ẹnì kan ti sọ fún un pé àtọ̀ ń ba omi ọmú jẹ́, torí ìgbàgbọ́ yẹn ni àwọn ìyá wa fi ń yàgò fún ọkọ títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Àtọ̀ kì í ba omi ọmú jẹ́.

Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, n kò lè búra. Ẹ jọ wá sí ilé ìwòsàn, pàápàá tó bá ń sunkún láìnídìí tàbí tó ní ó ń dun òun. Tó bá ń dùn ún, ẹ má fọwọ́ kàn án títí a ó fi rí i. Lálẹ́ òní, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sùn.