Kí ni ìtumọ̀ orúkọ Alstom?

Òǹkàwé kan rí orúkọ Alstom lára rélùwéè ní Paris, ó wá béèrè bóyá orúkọ ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ni. Rárá o. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé méjì sì ni àwọn Faransé yìí wò. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1928, Alsthom ni wọ́n ń kọ ọ́, pẹ̀lú "h" nínú: "Als" láti ara Alsace, "thom" láti ara Thomson.

Ìdí Alsace ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹkùn kan ni, ní ìlà-oòrùn Faransé, létí ààlà Jámánì. Ní ìlú Mulhouse níbẹ̀, àwọn kan ń rọ ẹ̀rọ àti orí rélùwéè. Ogun 1870 sí 1871 dé, Jámánì borí, ó sì gba Alsace. Bí iléeṣẹ́ náà ṣe bá ara rẹ̀ lábẹ́ ìjọba mìíràn nìyẹn, tí Faransé tó ń tajà fún di ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n Belfort tó wà nítòsí kò bọ́ sọ́wọ́ Jámánì: wọ́n dó tì í fún ọjọ́ 103, síbẹ̀ ó ṣẹ́ kù fún Faransé. Belfort yìí ni àwọn ará Mulhouse kọ́ iléeṣẹ́ tuntun sí ní 1879, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti wá ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná.

Thomson ní tirẹ̀ ni Elihu Thomson, ọmọ tí wọ́n bí ní Manchester, tó dàgbà ní Philadelphia. Òun àti Edwin Houston, olùkọ́ bíi tirẹ̀, ṣe ẹ̀rọ amúnáwá. Ní 1892, iléeṣẹ́ wọn àti ti Edison pa pọ̀ di General Electric, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ẹ̀ka tó ń lo iṣẹ́ ọpọlọ wọn ní Faransé ló bá Belfort da iṣẹ́ pọ̀ ní 1928.

Orí rélùwéè oníná Alsthom, CC 7107, sáré kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan ní 1955. TGV, rélùwéè ayára-bí-àṣá ti Faransé, tẹ̀ lé e. Ní 2007, ọ̀kan sáré dé 574.8.

Ní 1998, nígbà tí wọ́n gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ sọ́jà Paris, wọ́n yọ "h" kúrò. Kò dùn mọ́ mi nínú, torí "h" yẹn ló ń tọ́ka sí Thomson kedere. Nígbà tó di 2015, General Electric ra ẹ̀ka amúnáwá Alstom: ilé tí Thomson wọ̀ ní 1892 ló padà wá gba ohun tí orúkọ rẹ̀ bí. EDF, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba Faransé, ra ẹ̀ka tọ́báìnì tó wà fún agbára átọ́míìkì padà ní 2024. Rélùwéè ni Alstom dojú kọ báyìí, Belfort sì ni wọ́n ṣì ti ń ṣe orí TGV.