Ṣé kí a sun sólà tó ti gbó kí a lè yọ fàdákà inú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sólà 12 tó ń fa omi kànga ẹ̀rọ wa nítòsí Kétu ti rẹ̀, a sì ti fi tuntun rọ́pò wọn. Ẹnìkan tó ń ra irin àlòkù ní fàdákà wà nínú wọn, pé kí a sun wọ́n, òun á kó ohun tó bá kù kọjá ẹnubodè lọ sí Nàìjíríà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó omi. Fàdákà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíráàmù mélòó kan ni nínú sólà tó wúwo tó kílò 19, ojú sílíkọ́nì, ohun tí wọ́n fi ṣe sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ló sì lẹ̀ mọ́ típẹ́típẹ́. Bí ẹ bá sun ún, èéfín lẹ máa rí. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn sólà sábà máa ń ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní fluorine. Bó bá jóná, ásíìdì tó ń jẹ ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń tú jáde, òjé tí wọ́n fi jó wáyà inú rẹ̀ pọ̀ á sì bá eérú wọlẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ sun ún kò ní bá yín fa èéfín náà. Iléeṣẹ́ tó ń tú sólà àlòkù palẹ̀ ní ìléru tó dé pa, tó ń gbóná tó 500°C, tó sì ń fọ èéfín rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó kú ní tòótọ́. Ẹ nu eruku rẹ̀, ẹ gbé e sí oòrùn ọ̀sán gangan láìso ó mọ́ nǹkan kan, kí ẹ fi mítà wọn volt rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì (àwọn igun mẹ́rin kéékèèké ojú rẹ̀) bá jẹ́ 60, ó yẹ kó wà láàárín 33 sí 37, torí ooru máa ń dín in kù. Bó bá jẹ́ 24 tàbí 12 lẹ rí, dáyóòdù, ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ni kí ẹ fura sí: mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú àpótí kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta sólà. Ẹ pààrọ̀ èyí tó jóná, ó lè jí padà. Ṣùgbọ́n volt nìkan máa ń tanni jẹ. Sólà tí omi ti wọ̀ lè fi 37 hàn kí ampere rẹ̀ má tó ìdajì. Ẹ wọn ampere náà, kí mítà yín gba 10, kí ẹ fi wé Isc (ampere tó yẹ kó mú wá bí ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì bá kanra) tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá ṣì tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ má tà á ní kílò. Ó ṣì lè tan iná ṣọ́ọ̀bù.

Lára èyí tó kú pátápátá, férémù alumíníọ́mù lowó wà, nǹkan bí kílò méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti bàbà inú wáyà. Ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí aṣọ tó nípọn, torí iná wà lẹ́nu wáyà níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn án. Ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la gọ́ọ̀mù inú férémù, ẹ fi igi ti igun rẹ̀ kí ẹ tó fi òòlù gbá igi náà. Ẹ má kan etí gíláàsì: ibẹ̀ ni kò lágbára, bó bá sì fọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa rún wẹ́wẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Èyí tó ti sán tẹ́lẹ̀, ẹ fi téèpù fífẹ̀ lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Gíláàsì tó kù, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Ẹ tò ó lóòró sórí pákó, lábẹ́ òrùlé.

Ní ti ẹnubodè, láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Àdéhùn Basel, àdéhùn àgbáyé lórí kíkó ìdọ̀tí olóró kọjá ẹnubodè, ní kí orílẹ̀-èdè tí irú ẹrù yìí ń lọ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kó tó kọjá. Bí oníbàárà yín kò bá ní ìwé yẹn, férémù àti wáyà nìkan ni kí ẹ tà fún un.