Ìdí tí fíìmù dúdú-àti-funfun kò fi kúrò lọ́wọ́ mi

Ẹ béèrè pé kí la ṣì ń wá nídìí fíìmù dúdú-àti-funfun nígbà tí fóònù lè pa àwọ̀ rẹ́ lára fọ́tò lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yà á, tí mo sì ń fọ̀ ọ́ fúnra mi. Ohun tó dè mí mọ́ ọn ni pé ọwọ́ mi tó iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Fíìmù aláwọ̀ le. Omi ìfọ rẹ̀ ní láti wà ní nǹkan bí 38°C. Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀, àwọ̀ á dàrú. Dúdú-àti-funfun kò roro bẹ́ẹ̀. 20°C la sábà ń lò, bí omi bá sì gbóná díẹ̀ sí i, ẹ dín ìṣẹ́jú kù. Fíìmù HP5 Plus ti Ilford nínú omi ìfọ tó ń jẹ́ ID-11 tí a kò bomi là, ìṣẹ́jú 7½ ni.

Ibi tó dùn jù nìyí. Inú kámẹ́rà lẹ ti ń pinnu ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò. Ibi tó mọ́lẹ̀, inú táńkì ìfọ ni. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti dé ara fíìmù, kò sí omi ìfọ tó lè mú ohunkóhun jáde. Àmọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, bí fíìmù bá ṣe pẹ́ nínú omi tó ni ibẹ̀ á ṣe funfun tó lórí pépà. Ẹ mú ẹni tó dúdú tó wọ aṣọ funfun lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Bí ẹ bá ní kí kámẹ́rà ka ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, aṣọ ni yóò tàn án jẹ, ojú á sì ṣú bí èédú. Ṣe ni mo máa ń sún mọ́ onítọ̀hún, kí n ka ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ nìkan, kí n dín ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé kù ní stop kan, ìyẹn ìdajì. Bí mo bá wá ń fọ fíìmù, mo máa ń gé bí ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú àkókò rẹ̀. Ojú á yọ, òwú ara aṣọ náà ò sì ní sọnù. (Gbogbo fọ́tò 36 tó wà lára fíìmù náà ló máa gba ìfọ kan náà o, ẹ yà wọ́n lábẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ kan.)

Ti fílítà pupa tí à ń fi sójú kámẹ́rà, tó ń mú ojú ọ̀run ṣú kí ìkùukùu lè yọ, fóònù lè ṣe irú rẹ̀. Mi ò ní jiyàn ìyẹn.

Ohun mìíràn ni fàdákà. Fàdákà gan-an ló ń di àwòrán lára négátíìfù wa, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀. Ti aláwọ̀, wọ́n máa ń fọ fàdákà náà dànù, aró ló máa ń kù, aró sì máa ń ṣá. (XP2 Super, fíìmù dúdú-àti-funfun kan, yàtọ̀, omi fíìmù aláwọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́.) Ṣùgbọ́n fixer (omi tó ń fọ fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò dé kúrò lára fíìmù) tó ti rẹ̀ lè ba ohun gbogbo jẹ́. Ẹ ju ẹ̀já fíìmù kan sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìgbà tó máa mọ́ gaara, kẹ́ ẹ wá fi fíìmù yín sínú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì àkókò yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú HP5 Plus tàbí fíìmù Tri-X ti Kodak, omi ìfọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ má pààrọ̀ wọn títí ẹ ó fi mọ ìwà wọn. Kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ máa ká fíìmù sí gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú kẹ́ ẹ tó pa iná, torí fíìmù máa ń lẹ̀ mọ́ èyí tó bá tutù, iná pupa inú yàrá òkùnkùn ò sì ní gbà yín níbẹ̀: ti pépà tí à ń tẹ fọ́tò sí nìyẹn.