Hash Python àti ti Java ò bára mu

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tánkẹ̀ n'Ílọrin níbí ni mo wà, mo fi hash() ti Python, èdè prógíráàmù, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ṣe orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà wa, ọ̀gá mi fi hashCode ti Java, èdè prógíráàmù míì, ṣe tiẹ̀, àwọn nọ́ńbà náà ò bára mu rárá.

Ìdáhùn: Àbúrò, ìṣirò wọn ò pa pọ̀ ni, ti Python gan-an, láti ẹ̀dà 3.3, máa ń yí padà tó o bá ti tún prógíráàmù tàn, torí ààbò, má fi pamọ́ sí dátábéèsì láéláé. Ẹ jọ lo SHA-256, ọ̀nà hash tí èsì ẹ̀ máa ń bára mu nínú èdè méjèèjì, lórí báìtì UTF-8, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú lẹ́tà. Àmì ọ̀rọ̀ wa ló máa ń dà á rú jù: "Ọ̀fà" lórí fóònù kan lè jẹ́ Ọ àti àmì ohùn, lórí òmíràn O, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn, lójú bákan náà ni àmọ́ báìtì ẹ̀ yàtọ̀, hash náà á yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú àwọn ọ̀nà kíkọ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo.