Èsì: Háyà bọ́ọ̀sì láti Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó o, mà. Ẹ ní ènìyàn 28 lẹ fẹ́ kó láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn, bóyá kẹ́ ẹ háyà Coaster kan tàbí Hiace méjì. Hiace méjì ni mo fara mọ́: bí ọ̀kan bá kọṣẹ́ lọ́nà Mọ́níyà, èkejì á ṣì gbé àwọn àgbà débẹ̀ lásìkò.

Ẹ má dúnàádúrà lórí fóònù nìkan. Ẹ lọ sí gáréèjì fúnra yín, kẹ́ ẹ wo táyà, àní títí kan sípíà. Èyí tí wọ́n fi hàn mí lọ́jọ́sí ti dán bọ̀rọ́, wáyà ti ń yọ létí rẹ̀. Mi ò gbà á.

Ẹ bèèrè ẹni tó máa ra epo àti ẹni tó máa san owó páákì. Ẹ san ìdajì, ó di ìgbà tí wọ́n bá gbé yín padà délé kẹ́ ẹ tó san ìyókù.